Jìtá Pupa Inú Fọ́tò

Mùstàfá kì í ṣe ẹni téèyàn ń bá jiyàn jìtá nílùú Ìlá. Kó o tó sọ ọ̀kan, ó ti sọ mẹ́fà. Òun àti Adébóyè ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kó ẹgbẹ́ jọ lọ́dún 1995, kí wọ́n lè máa fi jìtá ta orin àwọn Ìràwọ̀ Ìlá, ẹgbẹ́ tó gbòde nígbà tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Àwọn yẹn ò lo akọrin. Jìtá ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.

Bàbá Sàlámì nìkan ló kù láyé nínú wọn. Bàbá ní àfi tí jìtá àwọn ọmọ yìí bá dún bíi tàtijọ́ kí òun tó lè yọ̀ǹda orúkọ ẹgbẹ́ fún wọn lọ́jọ́ Iléyá. Orúkọ yẹn sì ni Mùstàfá ti ń fọkàn fẹ́ láti kékeré. Kò fẹ́ òmíràn.

Fọ́tò àwọn Ìràwọ̀ Ìlá wà ní pálọ̀ bàbá tó bí Mùstàfá, jìtá pupa yòò lọ́wọ́ wọn. Ó bá gba Èkó lọ, ó wá jìtá pupa títí ẹsẹ̀ fi wú. Ó rí méjì. Ẹni tó tà wọ́n fún un tún fi ògbólógbòó kan ṣe ènì, aláwọ̀ igi, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó. Adébóyè ní kí àwọn tú ìyẹn ṣe sípéà.

Níwájú Bàbá, Mùstàfá ta pupa àkọ́kọ́. Bàbá mi orí. Ó ta ìkejì.

“Èyí ń ké bí agolo,” ni Bàbá wí. “Èyí tó wà nílẹ̀ yẹn ńkọ́?”

“Ẹ má bínú, Bàbá, pupa ni tiyín. Ó wà nínú fọ́tò.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. “Fọ́tò dúdú òun funfun ni. Fọ́tògíráfà ló fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Ó bi mí pé àwọ̀ wo ni mo fẹ́, mo ní pupa.”

Ojú ti Mùstàfá gidi. Ó gbé ògbólógbòó, ó so ó mọ́ sípíkà, ó ta á. Ohùn náà kún, ó sì tutù. Ìka Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí orúnkún rẹ̀, omijé sì ń bọ́.

“Òun nìyí. Ẹ lọ kọ orúkọ wa sára ìlù ńlá yín.”

Lọ́jọ́ Iléyá, wọ́n pe Ìràwọ̀ Ìlá sórí pèpéle. Orin àkọ́kọ́ ò tíì dé ìdajì táwọn ìyá àgbà fi dìde, wọ́n ń pe àwọn òkú ẹgbẹ́ náà lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n pe àwọn òkú tán, wọ́n pe Sàlámì tó ṣì wà láyé, wọ́n sì pe Mùstàfá tẹ̀ lé e, bí ẹni pé ọ̀kan lára wọn ni.