Ẹni Tí Àwọn Àgbà Ẹgbẹ́ Yàn

Wọn kì í bẹ Damaris kó tó ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú. Láti ọdún 1978 tí ìjọba ológun ti ní kí òṣèlú tún bẹ̀rẹ̀ ló ti ń rin ìlú Ìdọ̀fin já, ojúlé dé ojúlé, tó ń kó àwọn obìnrin jọ. Opó ni, àgbẹ̀ ni, ìyá ìjọ sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà. Bí àwọn alátakò bá ń pariwo ọ̀fẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ yẹn, á ní ohun téèyàn kò fi òógùn wá kì í báni dalẹ́. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní kí á bọ̀wọ̀ fún ọba, kí ilẹ̀ ìdílé máa jẹ́ ti ìdílé. Ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Nígbà tí ìbò 1983 ń bọ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ohùn kan mú Adégbóyè, tíṣà ará Ìdọ̀fin tó ti fẹ̀yìn tì, pé kó lọ ṣojú àwọn nílé aṣòfin. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì pé tí ìwé fi dé láti Ìlọrin: Lábọ̀dé ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ yàn. Kọngílá tó ń gbaṣẹ́ ìjọba ni Lábọ̀dé, Kàdúná ló fi ṣe ilé. Ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Ìlọfà, nítòsí Ìdọ̀fin, ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀.

Wọ́n pe ìpàdé sí Ìlọfà. Alàájì Tìjání, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló ti Ìlọrin wá.

"A kò wá jiyàn," ni Tìjání wí. "Àwọn àgbà ti sọ̀rọ̀. Ẹ kàn nawọ́ sókè, kí á kọ ọ́ pé gbogbo wa la fọwọ́ sí i."

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Damaris dìde.

"Alàájì, ẹ kú ìrìn. Àwọn àgbà tí ẹ ń wí yìí, ṣé wọ́n mọ ọ̀nà Ìdọ̀fin?"

"Màmá, ẹ jókòó. Ẹgbẹ́ ní olórí."

"Mi ò ní í jókòó!" Ó ṣí gèlè, ó fi àpá iwájú orí rẹ̀ hàn. "Àpá òkò tí àwọn alátakò sọ lù mí ní Ìsòlò-Òpin nítorí ẹgbẹ́ yín rèé."

Tìjání rẹ́rìn-ín. "Ta ló rán yín? Ẹ̀yin ará oko yìí ti rò pé ẹ̀yin lẹ ni ẹgbẹ́. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀."

Ariwo sọ. Àwọn ará Ìdọ̀fin tú jáde pẹ̀lú èébú lẹ́nu. Adégbóyè nìkan ló jókòó síwájú, tó ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀, Damaris kò fi í sílẹ̀. Òun àti àwọn obìnrin rẹ̀ gbà á níyànjú, ó sì gbà pé òun yóò jáde dupò lábẹ́ ẹgbẹ́ kékeré mìíràn. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ni rédíò sọ pé ìjọba Ìlọrin, ti ẹgbẹ́ àwọn Tìjání, ti fi Adégbóyè sínú ìgbìmọ̀ bọ́ọ̀dù kan níbẹ̀.

Damaris bá a níbi tí òun àti Fúnmilọ́lá ìyàwó rẹ̀ ti ń di ẹrù sí bútù ọkọ̀.

"Ìyá ìjọ, inú ilé lèèyàn ti ń tún ilé ṣe," ni Adégbóyè wí.

"Inú ilé wo? Níbi tí wọ́n ti lé wa síta lójú yín, tí ẹ kò lè la ẹnu?"

"Ẹ kò mọ̀ bí wọ́n ṣe lè ba tèèyàn jẹ́."

"Èmi tí wọ́n fọ́ lórí ni ò mọ̀?"

Adégbóyè wọ ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Lábọ̀dé wọlé ìbò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbò tó rí ní Ìdọ̀fin kò tó nǹkan. Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn sójà gbàjọba, wọ́n tú gbogbo ẹgbẹ́ ká. Àwọn kan ń jó lójú títì. Damaris kò jó. Ó ń rántí ọdún márùn-ún tó fi rìn, ọkàn rẹ̀ korò bí ewúro.

Adégbóyè padà wálé. Ó pàdé Damaris lọ́nà oko, ó ṣí fìlà, ó kí i.

Damaris gbọ́. Ó gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sórí dáadáa, ó sì kọjá.