Ohun Tí Wọn Kò Kà Mọ́ Kẹ̀kẹ́

"Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ yẹn..."

"Kẹ̀kẹ́ wo?"

"Ẹ̀yin náà! Ti ọmọ tó... Ọmọ ìyá tó ń fọṣọ lẹ́yìn níbí. Wọ́n ní àwọn onínṣọ́ránsì ti wá..."

"Má sọ bẹ́ẹ̀! Ìyá náà sì gbà?"

"Ìyá kẹ̀? Wọ́n ní ó ti jáde nílé kí wọ́n tó... Bàbá ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Wọ́n tiẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń gbé e sínú ọkọ̀, ṣe ló ń..."

"Ó ń kí ni?"

"Ó ń rẹ́rìn-ín."

"Hẹn-ẹn! Àfi tí orí rẹ̀ bá..."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gé sí, nítorí ìyá tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yọ láti yàrá ẹ̀yìn, ó gbé bàsíà aṣọ tútù dání, omi ń kán tó tó tó sílẹ̀. Àwọn oníbàárà méjì tó wá gba aṣọ wọn kò mọ ibi tí wọn yóò kọjú sí. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì wò bí ẹni pé òun ló rán an. Ìkejì ní òun gbàgbé nǹkan síta, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó ku ìyá náà àti ìyá àgbà tó ń lọ aṣọ, àti áyọ́ọ̀nù tó ń yọ èéfín lórí kọ́là funfun kan.

"Ìyá Ẹ̀fúùfù," ni ìyá àgbà pè é, "gbé bàsíà yẹn sílẹ̀ ná."

"Ṣé òótọ́ ni, Mà?"

"Èmi ò sí níbẹ̀. Ẹni tó sọ fún wọn náà ò sí níbẹ̀. Ẹnì kan rí ọkọ̀ níwájú ilé yín, ẹlòmíràn sì gbé ẹ̀rín lé e lórí. Máa lọ sílé. Aṣọ yòókù á dúró dè ọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọkọ rẹ sọ̀rọ̀ tán kí o tó bẹ̀rẹ̀ tìrẹ."

Ìyá Ẹ̀fúùfù tú épúróònù rẹ̀. Báńdéèjì tó wé mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ti rin gbingbin fún omi ọṣẹ, ó sì ń ta á bí iná. Kò tilẹ̀ rántí pa á dà.

Ẹ̀fúùfù ni ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti ọkọ rẹ̀ bí. Orúkọ yẹn kọ́ ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ eré kẹ̀kẹ́ ló fún un, nítorí bó bá ti gorí kẹ̀kẹ́, ìró rẹ̀ nìkan lèèyàn máa ń gbọ́, kò ní rí i mọ́. Nígbà tó yá, ilé náà gbàgbé orúkọ tirẹ̀ gan-an, gbogbo àdúgbò sì ń pe òbí rẹ̀ ní Ìyá Ẹ̀fúùfù àti Bàbá Ẹ̀fúùfù. Aránbàtà ni bàbá. Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí ọmọ gba kẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́, tó ní ìjókòó rẹ̀ le bí òkúta, bàbá mú awọ aláwọ̀ ewé kan tó ti fi pamọ́ tipẹ́ fún bàtà ìyàwó rẹ̀, ó gé e, ó fi òwú pupa rán an mọ́ ìjókòó náà. Ìyá fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan. "Ẹ wá wo ọmọ tó fi bàtà mi jókòó! Èmi ń fẹsẹ̀ lásán rìn, ìdí ń wọ bàtà." Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á ní, "Màmá, tí mo bá gbégbá orókè, bàtà yín ló gbé e."

Ní òwúrọ̀ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, táyà yọ̀ níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sórí afárá. Ó lọ forí sọ ògiri afárá náà. Akoto fọ́, kẹ̀kẹ́ kán níwájú. Ẹ̀fúùfù kò dìde mọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì kọ́kọ́ jáde, ìyá wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ pe àwọn òbí jọ, obìnrin kan láti ilé-iṣẹ́ adójútòfò sì dúró níwájú wọn, ó ń ṣàlàyé. Ibi iṣẹ́ ni ìyá ti wá, ẹ̀yìn ló jókòó sí, oorun ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Gbólóhùn kan péré ló wọ̀ ọ́ létí dáadáa: "Gbogbo ohun tí ọmọ yín bá gbé jáde láàárọ̀, tó bá bàjẹ́, a óò rọ́pò rẹ̀." Inú rẹ̀ dùn. Lójú ọ̀nà ilé ló ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó pàdé pé wọ́n ti bá òun ṣe inṣọ́ránsì ọmọ òun. Ọkọ rẹ̀ ní, "Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wí." Ó ní, "Ta ló ń gun kẹ̀kẹ́ ọ̀hún? Iwin?"

Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin adójútòfò náà wá sílé, ó jókòó lórí àpótí aránbàtà. Ìyá bi í léèrè, obìnrin náà sì dáhùn lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ohun èlò eré ni wọ́n ń wí. Kẹ̀kẹ́, akoto, bàtà tó ní irin nísàlẹ̀. Tí wọ́n bá jí i nílé tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, tàbí tó fọ́ lójú ọ̀nà, wọ́n á sanwó rẹ̀ fún ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ ra òmíràn. Wọn kò ka táyà tó jẹ tán mọ́ ọn. Wọn kò ka ohun tó kàn gbó mọ́ ọn, wọn kò sì ka ohun tí èèyàn fi kún un lẹ́yìn.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

Obìnrin náà wo ilẹ̀. "A ò ka ènìyàn mọ́ ọn, Mà. Ìwé ti ènìyàn yàtọ̀. Ẹgbẹ́ ò rà á."

Ó tún wá ku ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti sanwó odindi kẹ̀kẹ́, àfọ́kù rẹ̀ di tiwọn, wọ́n á gbé e lọ.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa lọ," ni ìyá wí. "Kò sẹ́ni tó máa gbé kẹ̀kẹ́ yìí kúrò lára ògiri lójú mi." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́?" Bàbá mi orí. Kóòṣì ẹgbẹ́ náà kò sì fipá mú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ló ni kẹ̀kẹ́.

Láti ìgbà náà, láràárọ̀ kí ìyá tó lọ síbi iṣẹ́, á mú àkísà, á nu kẹ̀kẹ́ náà níbi tó gbé e kọ́ sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú ibi tó ti kán mú bí abẹ. Ó ń gé e lọ́wọ́, ó ń wé e, ó tún ń nù ún lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, ìkọ́ irin nìkan ló wà lára ògiri, àti ojú táyà dúdú kan níbi tó ti ń fara kan ọ̀dà. Ó kọjú sí yàrá iwájú.

Bàbá ń rán nǹkan lọ́wọ́, ó tẹrí ba. Bó ṣe gbúròó rẹ̀, ó ti ohun tó ń rán bọ abẹ́ itan kíá, abẹ́rẹ́ àti òwú rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí.

"Ẹ tètè dé," ni ìyá wí, bí ẹni pé òun kọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. "Kẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbé e."

"Ta ló ní kí wọ́n gbé e?"

"Èmi ni."

"Bàbá Ẹ̀fúùfù! Ẹ mi orí fún mi. Níwájú mi yìí lẹ ti mì í."

"Mo mì í."

"Wọ́n ní ẹ rẹ́rìn-ín."

Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀. "Mo rẹ́rìn-ín."

Ká ní ó sẹ́ ni, ká ní ó tilẹ̀ jágbe mọ́ ọn, ìyá ì bá rí ohun dì mú. "Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín? Ẹ sọ ọ́ kí n bá yín rín in."

"Jọ̀ọ́. Fún mi láyè títí di alẹ́."

"Alẹ́! Irọ́ wo lo fẹ́ sè tí yóò jinná dálẹ́?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sọ̀rọ̀ sí i bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Ó yí padà, ó jáde.

Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ kò jìnnà. Yàrá gígùn kan ni, òórùn ọ́ìlì àti rọ́bà kún inú rẹ̀, wọ́n fi táyà iwájú gbé àwọn kẹ̀kẹ́ kọ́ lára ògiri. Àlàfo kan wà láàárín wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ Ẹ̀fúùfù tí wọ́n ń pè ní Òjìji, nítorí pé ẹ̀yìn Ẹ̀fúùfù ló máa ń wà nígbàkigbà tí wọ́n bá jáde. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń nu ṣéènì kẹ̀kẹ́ tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Tirẹ̀ ti sán, adójútòfò sì ti ní kò fọ́, ó gbó ni.

Ó dìde fùú. "Ẹ káàsán, Mà."

"Káàsán. Kẹ̀kẹ́ tuntun tí wọ́n máa fi owó yẹn rà, ìwọ ló ń bọ̀ fún."

"Kóòṣì ló sọ bẹ́ẹ̀, Mà. Èmi ò béèrè."

"Kí lo fẹ́ máa béèrè fún? O ti wà lẹ́yìn rẹ̀ látọjọ́ yìí. Ọ̀nà ti là fún ọ báyìí."

Bó ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló dun ìyá fúnra rẹ̀. Òjìji ń wo àkísà ọwọ́ rẹ̀, omijé sì ń dà lójú rẹ̀ láìsí ohùn kankan, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ìyá wá ibi kan jókòó sí. Ó rí kéréètì kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó sì jókòó lé e.

"Má dá mi lóhùn, ọmọ mi. Ẹnu mi ni kò dáa lónìí. Ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e?"

"Mo wà níbẹ̀, Mà. Èmi àti Kóòṣì àti obìnrin inṣọ́ránsì."

"Àwọn èèyàn ń sọ ọ̀kan-ò-jọ̀kan. Sọ fún mi ohun tí ọkọ mi sọ. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Má bù lé e, má bù kúrò."

Òjìji tún jókòó sílẹ̀. Ó ní obìnrin náà ń fọwọ́ kan ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ náà níkọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ wọn: igi rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, apá rẹ̀. Nígbà tó kan awọ aláwọ̀ ewé, ó dúró. Ó ní, "Ẹ má bínú, Sà, ẹ ò ní rí nǹkan kan lórí èyí. Ẹ̀yin lẹ rán an sí i, a ò kà á mọ́ kẹ̀kẹ́." Bàbá wá bi í, "Bí ẹ ò bá kà á mọ́ ọn, kì í ṣe tiyín nìyẹn?" Obìnrin náà ní, "Rárá, Sà. Tiyín ni."

"Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín, Mà. Ẹ̀rín ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó fi ọ̀bẹ rẹ̀ já òwú pupa yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa dúró dè é. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀."

"Kí ló sọ?"

Òjìji fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó tẹjú mọ́lẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ lọ́nà jíjìn, tó ń bẹ̀rù kí ọ̀kan má jábọ́ nínú rẹ̀.

"Ó ní, 'Ẹ máa gbé irin yín lọ, kí ọmọ yìí rí nǹkan gùn. Láràárọ̀ ló ń gé Ìyá Ẹ̀fúùfù lọ́wọ́, á sì tún ti ọwọ́ náà bọ omi ọṣẹ. Mi ò lè máa wò ó mọ́. Awọ yìí lọmọ jókòó lé, òun ni tiwa. Ẹ má tíì sọ fún ìyá rẹ̀ o. Awọ náà ya létí kan. Ẹ jẹ́ kí n rán an kó tó dé.'"