Àmùrè Ìyá Ọkọ Jemutai

Ní Iten níbí, ìlú àwọn eléré ìje tó wà lórí òkè, bí ẹ bá rí ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ láàárọ̀, àlejò ni tàbí aláìsàn. Eré là ń sá. Àwọn ìyá àgbà tó ń fún wàrà nínú ọgbà màlúù kò tiẹ̀ ní gbójú sókè, wọ́n á kàn gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ọmọ Lágbájá ló ń kọjá yẹn, ó ti rẹ̀ ẹ́." Ìdí nìyẹn tí Jemutai kò fi ríbi fi ìtìjú rẹ̀ pamọ́ sí.

Kó tó bímọ, iwájú iwájú ló máa ń wà. Lẹ́yìn tó bí Cherop, ọmọbìnrin tó sanra bí ọmọ màlúù, ó padà sójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ò kọ̀, ọkàn ò kọ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ń gun òkè tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí rẹ̀ á wálẹ̀, èjìká á tẹ̀ síwájú, ọwọ́ á máa gba iwájú àyà bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, ẹsẹ̀ á sì máa lulẹ̀ pà, pà, pà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á bá tiwọn lọ. Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í dúró de ẹni tó bá já sẹ́yìn.

Kóòṣì Birech, ẹni tó ń bójú tó àgọ́ àwọn obìnrin eléré ìje, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ kan. Ẹnu ọkùnrin yìí mú ju abẹ lọ.

"Jemutai, ta ló sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ rẹ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, Kóòṣì."

"Ó dáa. Ẹsẹ̀ rẹ kò ṣe nǹkan kan. Ikùn rẹ ló ń sùn. Ọmọ gbé inú rẹ̀, ọmọ nà án, ọmọ jáde, ìwọ ò wá sọ fún ikùn pé iṣẹ́ ti tún dé. Ikùn àti ẹ̀yìn ni òpó tó gbé ara dúró. Bí òpó bá yẹ̀, ṣé òrùlé là ń bá wí?"

Ó ní kó dojú bolẹ̀ lórí koríko, kó fi ìgbọ̀nwọ́ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara sókè, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́ bíi pákó. Kò pẹ́ tí gbogbo ara Jemutai fi ń gbọ̀n. "Jẹ́ kó gbọ̀n," ni Birech wí. Ó tún ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó máa gbé ìbàdí sókè. Kó kúnlẹ̀, kó fọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, kó na ọwọ́ ọ̀tún pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì. Láràárọ̀ ni kó máa ṣe é.

"Gbọ́ o," ni ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. "A máa sá eré ìdánwò kí òjò ńlá tó dé. Ẹni tó bá bá àwọn tó ṣáájú dé ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè ló máa dúró sí àgọ́. Ẹni tí kò bá bá wọn dé, ilé yá. Mo ti ń di àyè rẹ mú fún ọ tipẹ́. Mi ò lè dì í mú mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Jemutai lára ṣinṣin. Eré yìí ti jẹ́ tirẹ̀ kó tó di ìyàwó ẹnikẹ́ni, kó tó di ìyá ẹnikẹ́ni. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ẹni tí yóò kù nínú ara rẹ̀.

Bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dojú bolẹ̀ sí àgbàlá, ó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Àfi bí ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Tapsubei, ṣe yọ láti ẹ̀yìnkùlé.

"Yéè! Kimosop ti pa ìyàwó fún mi o!"

Kimosop tí à ń wí yìí, ọkọ Jemutai, ti wa ọkọ̀ wàrà lọ sí ìlú Eldoret láti ìdájí. Kí Jemutai tó lanu, ìyá ti da omi tútù lé e lẹ́yìn. Ó fò dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbọ̀n, ó sì ṣàlàyé gbogbo ohun tí Birech wí.

Ìyá Tapsubei pòṣé. "Ikùn ta ló ń sùn? Ikùn ìyàwó mi! Kí Birech lọ wá nǹkan ṣe sí ikùn tirẹ̀, èyí tó máa ń wọlé ṣáájú rẹ̀."

Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá pè é wọ yàrá, ojú rẹ̀ ò sì ṣe bí ojú ẹni tó ń ṣàwàdà mọ́. Ó fa àmùrè awọ kan jáde nínú àpótí, èyí tí wọ́n to owó ẹyọ sí lára lẹ́sẹẹsẹ. Legetiet ni à ń pè é. Àmùrè ìyá nìyẹn, tí wọ́n ń so mọ́ abiyamọ níkùn kí ara rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Ọkùnrin kì í fọwọ́ kàn án. Bí ọ̀rọ̀ bá le, òun là ń fi búra. Ní ilé Ìyá Tapsubei, ẹni tó bá so ó náà ló ń tú u.

"Ilé ìwòsàn lo bí Cherop sí," ni ìyá wí. "Àwọn nọ́ọ̀sì gbà ọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò so nǹkan kan mọ́ ọ. Èmi ni mo jẹ̀bi ikùn rẹ. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Gbọ́wọ́ sókè."

Nígbà tí àwọn ará àdúgbò ń sọ pé kí abiyamọ jókòó sílé, obìnrin yìí ló gba Cherop lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní, "Máa sáré lọ, jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀." Jemutai fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí ìyá bá húkọ́, òun ló máa ń kọ́kọ́ dìde. Ó gbọ́wọ́ sókè. Ìyá so ó mọ́ ọn dan-in dan-in.

Ẹ ò rí nǹkan! Ọjọ́ kejì, Jemutai nàró lójú ọ̀nà. Birech pariwo láti orí alùpùpù rẹ̀ pé, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ wo obìnrin!" Inú Jemutai dùn dé góńgó. Nígbà tó yá, kò dojú bolẹ̀ mọ́ láàárọ̀. Kí ló fẹ́ máa yíra nínú erùpẹ̀ fún, nígbà tí àmùrè ń ṣiṣẹ́? Ìyá Tapsubei náà kò jẹ́ kí etí ẹnikẹ́ni sinmi níbi tí wọ́n ti ń gba wàrà. "Birech ń sọ ìsọkúsọ nípa ikùn. Ẹ wo ohun tí àmùrè ìyá mi ṣe!"

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ń le sí i bí ìdánwò ṣe ń sún mọ́lé. Bí Jemutai bá gun òkè, èémí kì í wọ inú, àyà ló ń mọ sí. Orí á máa yí i. Ní ọjọ́ kan tó tún já sẹ́yìn, Birech sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù, ó tẹ́tí sílẹ̀.

"Kí ló ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ lára rẹ?"

Jemutai ká aṣọ sókè díẹ̀. Birech yíjú padà kíá, bí ẹni tó já lu ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń wẹ̀.

"Ah! Bò ó, bò ó!" Ó kẹ́yìn sí i, ó ń bá òkè sọ̀rọ̀. "Àmùrè ló ń nàró, kì í ṣe ìwọ. Ikùn rẹ ti rẹ́ni bá a ṣiṣẹ́, ó ti padà lọ sùn. Kò sì tún ráàyè mí. Lọ tú u."

"Kì í ṣe èmi ló so ó, Kóòṣì. Ẹ bá mi bá Ìyá sọ̀rọ̀."

"Èmi? Kí n lọ bá Tapsubei nílé, kí n ní kó tú legetiet rẹ̀? Jemutai, mo ṣì fẹ́ pẹ́ láyé o." Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ. Ọkùnrin tó ń jágbe mọ́ gbogbo ayé!

Jemutai délé, ó fẹ́ sọ ọ́. Ìyá ń bu wàrà kíkan fún un, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ní, "Mu ún, akọni òkè! Ìwọ lo máa kọ́kọ́ dé." Ta ló máa sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé oore rẹ̀ ló ń pa òun lára? Ó mu wàrà náà, ó lọ sùn, oorun ò sì kun ojú rẹ̀.

Ní àárọ̀ kan, ìyá gbé Cherop wá sẹ́bàá ọ̀nà kó lè mu ọmú lẹ́yìn eré, bó ṣe máa ń ṣe. Ó bá Jemutai níbi tó ti di igi ọgbà àgbàdo mú, ojú rẹ̀ ti ṣú, ó ń mí gúlegúle.

"Kí ló ṣe ọ́? Birech lù ọ́ ni?"

Ni ẹkún bá gbọ̀n ọ́n. "Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ dákun, ẹ bá mi tú u."

Ìyá Tapsubei dúró. Cherop ń fa etí rẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀.

"Ó ń dùn ọ́?"

"Kì í jẹ́ kí n mí."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, Ìyá."

"O sì dákẹ́?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ẹ̀yin ni mo kọ̀."

"Orí rẹ dàrú!" Igbe tí ìyá ké, àwọn ẹyẹ fò nínú àgbàdo. "Awọ lèyí! Owó ẹyọ ni! Nígbà tí mo so ó, ṣé àmùrè ni mo fẹ́ kó gbádùn ni, àbí ìwọ? O fẹ́ kú sójú ọ̀nà kínú mi má bàa bàjẹ́? Bó o bá kú, ṣé inú mi á wá dùn ni? Ọmọ burúkú! Wá síbí."

Ó fà á wọ àárín àgbàdo. Bó ṣe ń tú u, omi lé ròrò sí i lójú. Nígbà tí àmùrè bọ́, Jemutai mí kanlẹ̀, mímí tó dé ìsàlẹ̀ ikùn. Ìyá tu itọ́ díẹ̀ sí i láyà, bí àgbà ti ń súre lọ́dọ̀ wa, ó sì ká àmùrè náà sínú aṣọ. Ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ó yá, dojú bolẹ̀."

"Níbí, Ìyá?"

"Ṣé ilẹ̀ Birech nìkan lo lè dojú bò ni?"

Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ kan ò rọgbọ mọ́ nílé wọn. Kí àkùkọ tó kọ, ìyá á ti máa kanlẹ̀kùn. "Dìde! Ikùn ń sùn, ìwọ náà ń sùn!" Bí Jemutai bá wà lórí ìgbọ̀nwọ́, Cherop á máa rá kọjá lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni gba abẹ́ afárá, ìyá á sì jókòó sórí àpótí, á máa bú u. "Ìdí ti wálẹ̀! Gbé e! Ṣé ìdí lo fẹ́ fi sáré ni?" Lọ́jọ́ kan, ìyá ní òun náà fẹ́ dán an wò. Ó gbé ara sókè, ó sì ṣubú lé ẹ̀gbẹ́ kan gbì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ orí iná fi jóná.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Jemutai kò wo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí òkè bẹ̀rẹ̀, ó ń retí kí ìdí rẹ̀ wálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó retí, ó retí. Ikùn rẹ̀ di gírígírí, ẹ̀yìn dúró, èjìká sinmi sí àyè rẹ̀, ẹsẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ láìpariwo. Àwọn kan já sẹ́yìn. Ó ṣì wà pẹ̀lú àwọn tó ṣáájú nígbà tí ó tajú kán rí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì rí Ìyá Tapsubei lẹ́bàá ọ̀nà, Cherop lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá kò wò ó. Ó ń na ọrùn, ó ń wo ìsàlẹ̀ òkè, ó ń wá obìnrin kan tó tẹ̀ síwájú, tó ń ju ọwọ́ síwájú àyà.

"Ìyàwó mi dà? Ẹ bá mi wò ó, ṣé ó ti já sẹ́yìn ni?" Ó wá rí èyí tó ń bọ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, ó fi ìka tọ́ ọ sí àwọn obìnrin tó dúró tì í. "Ẹ wo bí èyí ti ń lọ gbọnrangandan. Ta ló bí èyí?"

Jemutai ní èémí tó lè fi dáhùn. Ó ní in dáadáa.

"Ẹ̀yin ni, Ìyá!" ló ké, ó sì bá àwọn tó ṣáájú wọ àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì.