Ẹni Tí Ẹ̀ṣọ́ Mọ̀

Ohun tí ẹ ń fura sí náà ni: ọkùnrin tó bá ń lérí káàkiri pé òun nìkan ló mọ ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ ṣí, ìta ni ilẹ̀kùn ọ̀hún máa tì í mọ́ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ náà ló dé yìí. Ọ̀gá Ẹ̀rọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, kọ̀ǹpútà sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kẹrin pé: "A kò dá yín mọ̀."

"Èmi kẹ̀?" ló bi í, àfi bí ẹni pé ẹ̀rọ létí.

Aago kan ku ogún ìṣẹ́jú. Tó bá di aago méjì, Ọ̀gá Àgbà yóò kó àwọn olùdókòwò wá sínú yàrá yẹn, kí wọ́n wá wo ẹ̀ṣọ́ tuntun tí Ọ̀gá Ẹ̀rọ mú wọlé. Bí wọ́n bá ti rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́, wọn yóò fi Ọ̀gá Ẹ̀rọ ṣe alábòójútó gbogbo ẹ̀ka méjèèje. Ó tilẹ̀ ti sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé ipò náà ti bọ́ sí òun lọ́wọ́.

Oògùn ni ilé-iṣẹ́ náà ń pín fún àwọn ilé ìwòsàn. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀rọ aṣọ́nà tirẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ yòówù tó bá sì fẹ́ jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba olú ilé-iṣẹ́ kọjá, bí ẹni tó fẹ́ kí ará ilé kejì tó kọ́kọ́ rìn dé ìlú mìíràn. Ní báyìí, ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ gbogbo wọn láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun náà ló sì ń bá wọn yan ọ̀nà tó yá: bí wáyà bá já, á gbé wọn gba ibòmíràn. Ẹ̀ṣọ́ yìí kì í wo ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan. Ìwà èèyàn ló ń kọ́: aago tó ń wọlé, ibi tó ń jókòó sí, ohun tó máa ń fọwọ́ kàn. Ọ̀gá Ẹ̀rọ ti ṣàlàyé èyí fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìpàdé mẹ́ta, títí akọ̀wé rẹ̀ fi sùn lọ.

Orúkọ kan péré ló ní àṣẹ lórí ẹ̀ṣọ́ náà, tirẹ̀ ni. "Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan," ló máa ń wí. Ìyẹn náà ló mú kó ní kí wọ́n gbé àga kejì kúrò nínú yàrá rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ríbi jókòó wo ọwọ́ rẹ̀. Bí-Ò-Sí-Mi làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é bó bá ti yíjú.

Ó pe ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀ṣọ́. Ọmọkùnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Ẹ má bínú sà, ìbéèrè díẹ̀ ni. Ẹ̀ka wo lẹ gbé gba ọ̀nà mìíràn lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Ọ̀gá Ẹ̀rọ wúkọ́. "Dúró ná, mò ń wo ìwé mi."

Kò sí ìwé kankan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù yẹn, ó fi fóònù kejì pe Ìyá Ẹ̀ka Kẹta. Láti ayé fóònù orí tábìlì ni wọ́n ti gba obìnrin yìí síṣẹ́. Ó ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì. Oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn, Ọ̀gá Ẹ̀rọ rìnrìn àjò ọjọ́ kan. Kàkà kó fún ìyá náà láṣẹ lórúkọ ara rẹ̀, kí àgbò má baà di méjì, ó fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà ti òun Ọ̀gá. Ọjọ́ kan náà ò tíì parí títí di òní. Ọ̀gá Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ò sì tíì wọlé sórí ẹ̀ṣọ́ láti ìgbà náà. Ìpàdé ò jẹ́.

"Mà, ẹ̀ka wo la gbé gba ọ̀nà mìíràn lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Ẹ̀ka Karùn-ún ni, Ọ̀gá. Katakata ló já wáyà wọn. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, mà. Mo kàn ń dán yín wò ni."

"Ẹ kú ìdánwò o. Oṣù kọkànlá rèé."

Ọ̀gá Ẹ̀rọ padà sórí fóònù àkọ́kọ́. "Ẹ̀ka Karùn-ún. Katakata ló já wáyà wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Òfin wo lẹ kọ ní Ọjọ́bọ̀?"

Ó tún bo fóònù. Ìyá ní, "Àwọn tó ń fi fóònù ọmọ wọn wọlé ni mo tì mọ́ta. Akọ̀wé tiyín wà níbẹ̀."

"Àwọn tó ń fi fóònù ọmọ wọn wọlé ni mo tì mọ́ta," ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ wí. "Akọ̀wé tèmi wà níbẹ̀."

"Ó pé, sà. Ohun tó kù ni pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ni orúkọ yìí."

"Kí lo wí?"

"Ẹni tó ni ín wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, ní Ẹ̀ka Kẹta. Láàárọ̀ gbogbo, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń wọlé, oṣù mọ́kànlá gbáko. Kì í pẹ́ lẹ́yìn. Ẹ̀ṣọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tí kò mọ̀ ni ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn láti olú ilé-iṣẹ́."

"Èmi ni mo ni orúkọ mi."

"Mo gbọ́, sà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin méjì lẹ jọ ń lò ó, kí Ọ̀gá Àgbà yín kọ̀wé pé àwọn mọ̀ sí i."

Yàrá náà ò ní fèrèsé. Ọ̀gá Ẹ̀rọ tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ó tún pe Ìyá.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde kúrò lórí ẹ̀ṣọ́ fún wákàtí kan."

"Kí n jáde ṣe kí ni? Ọ̀nà Ẹ̀ka Karùn-ún ṣì ń mì. Bí mo bá fi í sílẹ̀ báyìí, ta ni yóò rí ìwé oògùn tí ilé ìwòsàn fi ránṣẹ́? Ọ̀gá, kí ló dé gan-an?"

Kò lè sọ ọ́. Bó bá sọ òótọ́, a jẹ́ pé oṣù mọ́kànlá ló fi gba owó iṣẹ́ tí kò ṣe. Bó bá ní ẹnì kan ní Ẹ̀ka Kẹta ló jí orúkọ òun, Ìyá á relé lọ́wọ́ òfo, pẹ̀lú orúkọ olè, nígbà tó ku oṣù mẹ́ta. Ó wọn méjèèjì wò. Ẹ̀yin náà mọ èyí tó fúyẹ́ lójú ọkùnrin tó ti sọ fún àna.

Ọ̀gá Àgbà ló ṣáájú àwọn àlejò dé, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, olè wọlé," ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ wí, kí wọ́n tó bi í. "Ẹnì kan ti jí orúkọ mi lò."

"Mo mọ̀. Ẹ̀ṣọ́ rẹ ti kọ̀wé sí mi. Ẹ̀ṣọ́ yìí dára lóòótọ́, o gbìyànjú." Ọ̀gá Àgbà fa fóònù náà jìnnà sójú, ó ń kà á. "Ó ní ẹni tó ni orúkọ wà ní Ẹ̀ka Kẹta, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́. Ó ní inú yàrá yìí ni olè ti kan ilẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ta ló jókòó síbí láti àárọ̀?"

Ọ̀gá Ẹ̀rọ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àga kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà.