Orí Kẹsàn-án Tí Mi Ò Kà

Ìwé mẹ́rin ni mo máa ń yẹ̀ wò lórí rédíò ní Àkúrẹ́ ní gbogbo Ọjọ́rú: ìtàn àròsọ, ìwé lórí oko ẹ̀gẹ́, ìtàn ìgbésí ayé bíṣọ́ọ̀bù tó ti fẹ̀yìn tì, ohunkóhun tí wọ́n bá ṣáà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Ta ló lè ka ìwé mẹ́rin tán láàárín ọjọ́ méje? Èmi kọ́. Mo máa ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú, orí kìíní àti ojú ewé tó kẹ́yìn, màá sì gbóhùn sókè pé, "Èmi Yéjídé Fẹ̀yìntọlá ti kà á tán, ẹ lọ rà á!" Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe é, ẹnikẹ́ni ò mú mi.

Lọ́jọ́ Ajé, Olúgbémiga tó ń ta oògùn ní Ìjàpọ̀ pè mí. Kò tilẹ̀ kí mi dáadáa.

"Àǹtí Yéjídé, ùwé ewé àti egbò tí ẹ yìn lọ́jọ́sí, ṣé ẹ ka orí kẹsàn-án?"

"Mo kà á," ni mo sọ. Irọ́ yẹn ti mọ́ mi lẹ́nu.

"Ẹni mẹ́ta ti wá sọ fún mi pé àwọn ò ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní káwọn ra ùwé náà."

Mo fà á yọ láàárín àwọn ìwé tó wà lórí tábìlì mi. Ojú ewé kẹtàdínláàádọ́rùn-ún: òǹkọ̀wé náà ní kí ẹni tó bá ti ń mu àgbo òun da oògùn òyìnbó nù lọ́jọ́ náà gan-an. Màmá mi ti pè mí láti Oǹdó pé òun ti ra ìwé yìí, nítorí pé ohùn ọmọ òun lòun gbọ́. Ọdún mọ́kànlá ni Màmá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Mo pè é. Kò gbé e. Mo tún pè é lẹ́ẹ̀mẹfà, fóònù ń dún lásán.

Mo wọ ọkọ̀ Oǹdó. Ní Bọ́lọ́rundúró, awakọ̀ dúró kí èrò kan ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn, gbogbo ọkọ̀ ń wò mí. Ohun tí mo ń rí lọ́kàn ni Màmá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná. Mo bẹ Ọlọ́run bí ọmọdé. Mo ní tó bá lè dá a sí, màá máa ka gbogbo ìwé tán, títí kan ti ẹ̀gẹ́.

Ilẹ̀kùn ilé ṣí sílẹ̀. Ìwé náà wà lórí tábìlì pálọ̀, wọ́n ṣí i sí orí kẹsàn-án. Ìgbà náà ni Màmá jáde láti yàrá, ó gbé báàgì dání.

Mo dì mọ́ ọn, mo bú sẹ́kún. "Màmá, ṣé ẹ ṣì ń lo oògùn yín?"

"Mo lò ó láàárọ̀ yìí." Tíṣà ni Màmá fún ọdún márùndínlógójì, bírò pupa ló fi fàlà sábẹ́ orí kẹsàn-án látòkèdélẹ̀. "Bí mo ṣe kà á débí, mo mọ̀ pé o ò ka ìwé yìí."

Ojú tì mí, àmọ́ ayọ̀ mi pọ̀ ju ìtìjú lọ. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

"Èmi àti Ìyá Bísọ́dún la jọ gbọ́ ọ lórí rédíò," ó ní. Aládùúgbò wa ni Ìyá Bísọ́dún. Òun ló máa ń pọ̀n mí nígbà tí Màmá bá wà níléèwé. "Gbogbo ohun tí o sọ ló ń mi orí sí. Ó yá ìwé náà kí n tó kà á, ọmọ rẹ̀ ló kà á fún un. Àná ló dá a padà. Bí mo ṣe kà á tán, mo sáré lọ bá a ní kùtù òní, ṣùgbọ́n mo ti pẹ́: ó ti da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ nù, orí ilẹ̀ ni mo bá a. A gbé e lọ sí ọsibítù. Mo gbàgbé fóònù mi sílé. Aṣọ rẹ̀ ni mo wá mú yìí."

Mo tẹ̀ lé e.

Ìyá Bísọ́dún dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kọjú sí ògiri. Mo ní, "Ìyá Bísọ́dún, èmi Yéjídé ni." Ó yíjú padà díẹ̀díẹ̀. Ó mọ ohùn mi, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ṣùgbọ́n apá kan ẹnu rẹ̀ nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ mú. "Ẹ má bínú, mi ò kà á," ni mo sọ. "Mi ò ka ìwé náà tán."

Ó ń wo ẹnu mi, ó ń mi orí sí ọ̀rọ̀ mi bó ṣe mi orí sí rédíò.