Àwọn Tó Wá Bá Èyítọ́pẹ́ Kẹ́dùn

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín tilé-toko. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí wa lónìí, tó sì fi ìmọ́lẹ̀ sí ojú tí a fi ń kàwé. Ìtàn tí mo gbé wá kò gùn. Ẹ bá mi fi sùúrù gbọ́ ọ.

Ní ọdún 2007, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Èyítọ́pẹ́ wá kàwé ní yunifásítì kan ní Ugbowo, nílùú Bìní. Kétu ló ti wá, ní òdì kejì ẹnubodè, ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ti jọba rí. Yorùbá ni èdè ìyá rẹ̀, Faransé ni èdè ìwé rẹ̀. Bó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń fi òkúta sọdá odò: bó bá fẹsẹ̀ lé ọ̀kan, á dúró, á máa wá èkejì.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan nínú kíláàsì, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Kòtónú. Ó bá pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Nínú yàrá tó gbà, kò sẹ́ni tó ń kí i àfi ìyá onílé, ìyẹn sì ń kí i ní èdè Ẹ̀dó, òun náà á kàn máa mi orí.

Bó ṣe di pé ìdánwò kọjá láìjẹ́ pé ó ṣe é nìyẹn. Olùkọ́ kéde ọjọ́ rẹ̀, ó sì kéde gbọ̀ngàn tí wọn yóò ti ṣe é. Èyítọ́pẹ́ gbọ́ ohùn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀, ìtìjú kò sì jẹ́ kó bi ẹni tó jókòó tì í. Nígbà tó dé kíláàsì lọ́jọ́ ìdánwò náà, àga lásán ló bá.

Olùkọ́ yìí, Dókítà Akínyẹlé, pè é sí ọ́fíìsì, ó sì bi í ní Gẹ̀ẹ́sì ìdí tí kò fi wá. Èsì tó jẹ́ òtítọ́ kò le: kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ó rò pé bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn ó bi òun pé kí ni òun ń wá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló bọ́ sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ kúkúrú tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ká. Ó ní bàbá òun kú.

Dókítà yọ awò ojú rẹ̀. Ó béèrè orúkọ rẹ̀. Bó ti gbọ́ ọ, ó pa Gẹ̀ẹ́sì tì.

“Ọmọ Yorùbá ni ọ́, o sì ń dá ṣọ̀fọ̀ nílẹ̀ onílẹ̀? Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ibo lò ń gbé?”

Èyítọ́pẹ́ júwe ilé fún un. Ó rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí.

Kò mọ̀ pé ìjọ Yorùbá kan wà ní ọ̀nà Siluko, tí Dókítà ń lọ. Àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àṣà wọn ni pé bí ọ̀fọ̀ bá ṣe ọmọ Yorùbá nílùú Bìní, àwọn ni ẹbí rẹ̀. Wọ́n á bá a jókòó, wọ́n á sì bá a délé lọ sin òkú, ì báà jẹ́ pé kò wọ ìjọ wọn rí.

Ní ọjọ́ Sátidé, Èyítọ́pẹ́ ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, ó ń fi ẹnu súfèé, nígbà tí bọ́ọ̀sì ìjọ dúró. Ìyá Comfort ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, obìnrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Ọba. Ó gba ṣẹ́ẹ̀tì tútù tó ń fọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọlọ́fọ̀ kì í fọṣọ, ó sì bá a fọ gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n gbé ìrẹsì inú kúlà wá, wọ́n gbé iṣu àti ẹní wá. Pásítọ̀ ìjọ náà, Ọláoyè, béèrè orúkọ bàbá, kí wọ́n lè fi gbàdúrà. Ọmọ náà dárúkọ rẹ̀: Títíloyè. Wọ́n gbàdúrà kí Títíloyè sun ire. Ìyá Comfort sunkún ọkùnrin tí kò rí rí.

Láti ìgbà tí Èyítọ́pẹ́ ti wọ ìlú náà, ọjọ́ náà ni ẹnì kan kọ́kọ́ gbọ́wọ́ lé e léjìká. Ó jẹ ìrẹsì náà, ó sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Adùn náà gan-an ló ń tì í lójú.

Pásítọ̀ béèrè ọjọ́ ìsìnkú, ó ní bọ́ọ̀sì wà nílẹ̀. Èyítọ́pẹ́ yára sọ pé wọ́n ti sin ín.

“Wọ́n sin ín láìsí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀?” Ìyá Comfort ké. “Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, irọ́ ló pa.”

Wọ́n bá pinnu pé bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àwọn ó lọ kí ìyá rẹ̀ ní Kétu lọ́jọ́ Ajé. Kó kọ́kọ́ wá sí ilé Ọlọ́run lọ́la fún àdúrà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n pè é síwájú pẹpẹ. Orí eékún ló wà. Ìyá Comfort kúnlẹ̀ tì í, bí eékún ti ń dun ìyá náà tó. Èyítọ́pẹ́ rí bọ́ọ̀sì náà ní ọkàn rẹ̀, ó rí i tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀, tí bàbá fúnra rẹ̀ jáde wá kí wọn káàbọ̀.

Ó ní, “Bàbá mi kò kú.”

“Àmín,” ni Pásítọ̀ wí. “Kò kú, ó sùn nínú Olúwa ni.” Gbogbo ìjọ ṣe àmín.

“Rárá, sà. Ó wà láàyè, ó wà ní Kétu. Irọ́ ni mo pa.”

Dùùrù dákẹ́. Ẹnì kan pòṣé lẹ́yìn. Káfíńtà kan ní òun ti sọ fún àwọn oníbàárà òun pé òun ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé, ó sì béèrè bóyá bàbá náà ṣẹ ọmọ yìí ni. Èyítọ́pẹ́ dojú kọlẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ ìdánwò náà fún wọn, bí òun kò ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kéde rẹ̀. Dókítà Akínyẹlé bo ojú rẹ̀.

“O ò ṣe fi Yorùbá bi mí?”

“Ojú ló tì mí, sà.”

Ìyá Comfort fẹ́ dìde. Ọmọ náà nawọ́ sí i, ìyá náà kò dì í mú. Nígbà tó nàró tán, ó ní, “Pè é.”

“Ta ni, màmá?”

“Ẹni tí mo sunkún fún. Pè é, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀.”

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pé jọ sí yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ, Èyítọ́pẹ́ sì pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá Comfort gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ó kí bàbá, ó ní àwọn ará ilé tó wà ní Bìní ni. Bàbá dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. Ó ní láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti lọ ni òun ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún un ní ènìyàn. Lẹ́yìn náà ló béèrè:

“Ṣé kò hùwà àìdáa sí yín?”

Gbogbo wọn wo Èyítọ́pẹ́.

“Ó ń kọ́ ìwà rere, bàbá,” ni Ìyá Comfort wí. “Díẹ̀díẹ̀.”

Fóònù bọ́ sọ́wọ́ Pásítọ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ Dókítà, ó bọ́ sọ́wọ́ káfíńtà pàápàá. Kò sí ẹni tó tú àṣírí ọmọ náà. Bàbá súre fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pé wọn kò ní fojú sunkún ọmọ, wọ́n sì ń ṣe àmín. Nígbà tí fóònù padà sọ́wọ́ Èyítọ́pẹ́, bàbá ní kó máa gbọ́ tiwọn o, pé ènìyàn rere ló bọ́ sí lọ́wọ́. Ọmọ náà kọjú sí ògiri.

Ìwọ tó kà á dé ìhín, kí Olúwa fún ọ ní ènìyàn níbi tí a kò ti mọ̀ ọ́. Kí ìtìjú kékeré má sọ ọ́ sínú ìtìjú ńlá. Bí o bá sì ṣìnà, kí o ṣìnà sọ́wọ́ àwọn tí yóò bo àṣírí rẹ. Àmín.