Ẹrẹ̀ Ọdún Mẹ́rìnlá

Mo ti bú ọ̀pọ̀ èèyàn ní Niamey yìí, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ lórí púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n èébú tí mo bú Ìdrís bíríkìlà, ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí dòní.

Ilé ẹrẹ̀ ni ilé wa ní àdúgbò Banifandou. Òrùlé rẹ̀ náà, ẹrẹ̀ ni, tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ sórí igi. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi, Bàbá Àmínà, máa ń ká ṣòkòtò sókè, á po ẹrẹ̀ mọ́ koríko gbígbẹ, á sì tẹ́ ìpele tuntun lé ti èṣí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá ta aṣọ, tí kò fọwọ́ kan ẹrẹ̀ rí nílé bàbá rẹ̀! Ó ní ìyá òun kò gbọdọ̀ sùn sínú omi. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ṣe é kó tó kú léṣìí.

Lọ́dún yìí, òjò àkọ́kọ́ jò sí yàrá ìyá ọkọ mi, Ìyá Tọ̀yìbátù. Mo pe Ìdrís kó wá fi ìpele kan kún un.

Ó gun òkè, ó fi irin gún òrùlé níbi mẹ́ta, ó sì sọ̀kalẹ̀. Ó fi Hausa sọ fún mi pé, "Hajiya, wallahi, mi ò ní fi kún un. Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ká kan páànù. Ẹrù ti pọ̀ jù fún igi."

Kíkó kẹ̀? Ẹrẹ̀ tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́? Inú bí mi burúkú. Mo ní ọ̀lẹ ni, mo ní iṣẹ́ ńlá ló ń wá fún ara rẹ̀, mo ní kó máa lọ. Ẹyin lohùn, tèmi ti fọ́ sílẹ̀ kí n tó rántí pé ọkùnrin náà dàgbà jù mí lọ.

Kò lọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní òun á lọ, ṣùgbọ́n kí màmá àgbà kọ́kọ́ jáde kúrò lábẹ́ òrùlé yẹn. Mo pariwo títí, kò dìde.

Ìyá gbọ́ wa, ó jáde tòun ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó ní, "Ràhámọ̀tù, kí ni bíríkìlà wí?" Mo sọ fún un.

"Torí kí òjò má baà pa mí ni ọmọ mi ṣe tẹ́ ẹ," ó wí. "Kò tẹ́ ẹ kí ẹ lè máa fi rántí òun. Ẹ kó o."

Lọ́jọ́ kejì, Ìdrís mú àwọn àbúrò rẹ̀ méjì wá. Ní nǹkan bí ìpele kẹfà, wọ́n hú ẹsẹ̀ bàtà rọ́bà kan jáde. Bàtà Bàbá Àmínà ni, èyí tó ní èmi ni mo sọ ọ́ nù, tí a fi bínú síra wa fọ́jọ́ mẹ́ta! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n dé apá òrùlé tó wà lókè ibùsùn Ìyá. Wọ́n kó agbọ̀n ẹrẹ̀ tó kẹ́yìn kúrò. Ìdrís dúró sórí ògiri, ó fi ẹsẹ̀ kan igi tó tóbi jù níbẹ̀ jẹ́jẹ́, igi náà sì dá sí méjì, ó já lulẹ̀ gbàà sórí ìrọ̀rí. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Bó ṣe gbé ẹrù yẹn dúró di ọjọ́ náà, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Bí Ìdrís ṣe sọ̀kalẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ fún un nínú eruku. Ó sá sẹ́yìn: "Haba, Hajiya, ẹ dìde!" Mi ò dìde. Ẹnu tí mo fi bú u ni mo fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lédè Hausa, lédè Zarma, nígbà tí méjèèjì tán lẹ́nu mi, mo fi Yorùbá kún un.

Ìyá kò wo ọ̀dọ̀ wa. Ìrọ̀rí rẹ̀ ló ń wò láti ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè.

"Ọlọ́run, mo dúpẹ́," ó wí. "O ò jẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ ọmọ mi ló pa mí."